Iṣẹ́ Méjì, Orí Kan: Bí Owó Orí Ṣe Rí Nígbà Tí A Bá Gba Iṣẹ́ Kejì

Kò sí ẹni tí ń gbé ní agbègbè wa yìí, láti Ajah títí dé Lakowe, tí kò mọ̀ pé owó oṣù kan kì í fi bẹ́ẹ̀ tó ilé jẹ mọ́. Owó ọkọ̀ lójú ọ̀nà Lẹ́kkí sí Ẹ̀pẹ́ kò kéré. Owó ilé ń lọ sókè, owó ilé-ìwé àwọn ọmọ kò sì dúró de ẹnikẹ́ni. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ará wa fi ń ṣe iṣẹ́ méjì. Nọ́ọ̀sì tí ó wà ní ọsibítù kan láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì ń lọ ṣiṣẹ́ ní òmíràn ní òpin ọ̀sẹ̀. Tíṣà tí ó kọ́ àwọn ọmọ ní àárọ̀ ń kọ́ àwọn ọmọ mìíràn ní ìrọ̀lẹ́. Ẹni tí ó jókòó ní ọ́fíìsì ní ọ̀sán ń bá iléeṣẹ́ kékeré kan ṣe ìwé owó wọn ní alẹ́.

Èyí kì í ṣe ohun ìtìjú rárá. Pọ́ọ̀lù tí í ṣe àpọ́sítélì pa àgọ́ ní Kọ́ríńtì pẹ̀lú Ákúílà àti Pírísílà, bí ìwé Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 18 ti fi yé wa, síbẹ̀ kò fi ìwàásù sílẹ̀. Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀wò ní oṣù yìí ni ohun kan tí ń tẹ̀lé iṣẹ́ kejì bí òjìji, tí a kì í sábà rántí títí yóò fi di wàhálà. Ohun náà ni owó orí.

Àṣìṣe méjì ni ó wọ́pọ̀ láàárín wa lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn kan ń sọ pé, "Wọ́n ti yọ owó orí mi níbi iṣẹ́ àkọ́kọ́, ti èkejì kò kan ìjọba." Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù pé, "Bí mo bá gba iṣẹ́ kejì, owó orí yóò gbé gbogbo rẹ̀ lọ, n óò kàn ṣe làálàá lásán ni." Èkínní lè kó ènìyàn sí gbèsè. Èkejì lè mú kí ènìyàn kọ oúnjẹ tí Olúwa gbé ka iwájú rẹ̀. Méjèèjì ni kò tọ̀nà.

ORÚKỌ RẸ̀ TI SỌ Ọ́

Àwọn baba wa kò ṣàdédé pè é ní owó orí. Ní ayé àwọn òyìnbó amúnisìn, orí ni wọ́n ń kà. Bí ènìyàn bá ti dàgbà, iye kan náà ni yóò san bí aládùúgbò rẹ̀, ìbáà jẹ́ olówó, ìbáà jẹ́ tálákà. Ìnira yìí wà lára ohun tí ó mú kí àwọn obìnrin Ẹ̀gbá, tí Ìyá Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣe aṣáájú wọn, dìde ní Abẹ́òkúta, títí Aláké Adémọ́lá fi kúrò lórí ìtẹ́ fún ìgbà díẹ̀ ní ọdún 1949. Òun náà wà lára ohun tí ó gbé àwọn àgbẹ̀ Agbẹ́kọ̀yà dìde ní ọdún 1968 sí 1969. Kò yani lẹ́nu bí etí wa kò bá fẹ́ràn orúkọ náà títí di òní.

Ti òde òní kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ohun tí ó wọlé fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ni a fi ń wọn ohun tí yóò san. Ṣùgbọ́n orúkọ àtijọ́ náà ṣì ní ẹ̀kọ́ kan fún wa, bí a bá sì di ẹ̀kọ́ yìí mú, gbogbo ọ̀rọ̀ iṣẹ́ kejì yóò yé wa. Orí ni òfin ń kà. Kì í ka iye ibi tí orí náà ti ń ṣiṣẹ́. Ìwọ lè ní ọ̀gá méjì tàbí mẹ́ta, orí kan ṣoṣo ni ọ́. Gbogbo ohun tí ó wọlé fún orí náà láàárín ọdún ni a óò kó jọ, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a óò sì ṣe ìṣirò rẹ̀.

OHUN TÍ ÒFIN SỌ

Òfin owó orí tuntun ti orílẹ̀-èdè wa, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinubu fọwọ́ sí ní ọjọ́ 26 oṣù kẹfà ọdún 2025, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 2026. Ó pín owó tí ń wọlé fún ènìyàn lọ́dún sí ìpele ìpele. ₦800,000 àkọ́kọ́ kò ní owó orí rárá. Lórí ₦2,200,000 tí ó tẹ̀lé e, Naira 15 nínú 100 ni a óò san. Lórí ₦9,000,000 tí ó tún tẹ̀lé e, Naira 18 nínú 100 ni. Lẹ́yìn náà ó di 21, ó di 23, títí yóò fi dé 25 fún ohun tí ó bá ju ₦50,000,000 lọ.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀ ìṣirò yìí, àwọn ohun kan wà tí a kọ́kọ́ ń yọ kúrò: owó ìfẹ̀yìntì tí òṣìṣẹ́ dá, owó ìlera ti ìjọba, owó ilé gbígbé ti National Housing Fund, owó ìdójútòfò ẹ̀mí, àti èlé orí owó tí ènìyàn yá láti fi kọ́ ilé tí òun fúnra rẹ̀ ń gbé. Ẹni tí ó yá ilé gbé ní ìdẹ̀ra tirẹ̀ pẹ̀lú: Naira 20 nínú 100 owó ilé tí ó san lọ́dún ni a óò yọ, ṣùgbọ́n ohun tí a óò yọ kò lè ju ₦500,000 lọ.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọkàn sí ₦800,000 àkọ́kọ́ yẹn. Orí kọ̀ọ̀kan ni ó ni ín, iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan kọ́. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà iṣẹ́ kejì ti ń bẹ̀rẹ̀.

IBI TÍ ÌṢIRÒ TI Ń ṢÌNÀ

Ẹ jẹ́ kí a fi nọ́ọ̀sì kan ṣe àpẹẹrẹ. Ká sọ pé ó ń gba ₦150,000 lóṣù ní ọsibítù kan ní Lakowe, ó sì ń gba ₦80,000 lóṣù fún iṣẹ́ òpin ọ̀sẹ̀ ní ọ̀nà Ajah. Kí ìṣirò wa lè rọrùn, ká gbà pé a ti yọ owó ìfẹ̀yìntì àti irú rẹ̀ kúrò.

Ní ọsibítù àkọ́kọ́, owó ọdún kan jẹ́ ₦1,800,000. Akọ̀wé owó wọn yọ ₦800,000 tí kò ní owó orí. Ó ku ₦1,000,000. Naira 15 nínú 100 rẹ̀ jẹ́ ₦150,000 lọ́dún, èyí tí í ṣe ₦12,500 lóṣù. Títí dé ibí yìí, kò sí àṣìṣe.

Ní ọsibítù kejì, owó ọdún kan jẹ́ ₦960,000. Akọ̀wé owó ti ibẹ̀ kò mọ̀ pé arábìnrin yìí ní iṣẹ́ mìíràn. Òun náà yọ ₦800,000. Ó ku ₦160,000. Owó orí tí ó yọ jẹ́ ₦24,000 lọ́dún, ìyẹn ₦2,000 péré lóṣù. Inú arábìnrin wa dùn, ó ní ìjọba ṣàánú òun.

Ìjọba kò ṣàánú kankan. Ìṣirò ni kò tíì parí. Ẹ jẹ́ kí a kó owó méjèèjì jọ bí òfin ti wí. ₦1,800,000 àti ₦960,000 jẹ́ ₦2,760,000. A yọ ₦800,000 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo; ó ku ₦1,960,000. Naira 15 nínú 100 rẹ̀ jẹ́ ₦294,000. Ohun tí àwọn ọsibítù méjèèjì ti yọ jẹ́ ₦174,000. Ó ku ₦120,000 tí arábìnrin yìí jẹ ìjọba láì mọ̀. Bí ẹ bá wò ó dáadáa, ẹ óò rí i pé ₦120,000 yìí ni Naira 15 nínú 100 ti ₦800,000 kejì tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni yọ fún un.

Bí ó bá tún jẹ́ pé ₦600,000 ni ó ń san fún ilé lọ́dún, tí ó sì mú rìsíìtì owó ilé kan náà fún àwọn ọ̀gá méjèèjì, gbèsè náà yóò di ₦138,000. Orí kan, ilé kan, ìdẹ̀ra kan. Kò sí ọ̀nà tí ó fi lè di méjì.

Àwọn ọmọ wa tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Níbẹ̀, £12,570 àkọ́kọ́ ni kò ní owó orí lọ́dún. Bí ènìyàn bá gba iṣẹ́ kejì, iléeṣẹ́ owó orí wọn sábà máa ń fi àmì kan ránṣẹ́ sí ọ̀gá kejì pé kí ó yọ Naira 20 nínú 100, kí a sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, láti orí owó pọ́n-ùn àkọ́kọ́, nítorí pé iṣẹ́ àkọ́kọ́ ti lo ìdẹ̀ra náà tán. Wọ́n máa ń kùn nígbà tí wọ́n bá rí owó oṣù náà, ṣùgbọ́n bí ọdún bá parí, gbèsè kì í sábà bá wọn. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, ẹ má ṣe dúró de kí ẹnikẹ́ni fi irú àmì bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ni kí ó ṣí ẹnu sọ ọ́.

ṢÉ OWÓ ORÍ YÓÒ WÁ JẸ IṢẸ́ KEJÌ TÁN?

Rárá o. Ẹ padà sí àpẹẹrẹ wa. Láìsí iṣẹ́ kejì, ₦150,000 ni owó orí arábìnrin náà. Pẹ̀lú iṣẹ́ kejì, ó di ₦294,000. Nítorí náà, ₦144,000 ni iṣẹ́ kejì fi kún un. Nínú ₦960,000 tí ó gbà níbẹ̀, ₦816,000 ṣì jẹ́ tirẹ̀. Èyí jẹ́ ₦68,000 lóṣù. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé ó ti ń rò pé ₦78,000 ni òun ní, ó sì ti ń ná an bẹ́ẹ̀. ₦10,000 oṣooṣù tí ó wà láàárín rẹ̀ ni ó kó ara jọ di ₦120,000.

Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù pé bí owó àwọn bá ti kọjá ₦3,000,000 lọ́dún, Naira 18 nínú 100 yóò bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kìkì ohun tí ó lé lórí ₦3,000,000 ni 18 yóò kàn. Ẹni tí ó ń gba ₦2,900,000 lọ́dún ń san ₦315,000. Bí iṣẹ́ kejì bá fi ₦500,000 kún un, owó rẹ̀ di ₦3,400,000, owó orí rẹ̀ sì di ₦402,000. Ó san ₦87,000 sí i, ₦413,000 sì kù sí i lọ́wọ́. Kò sí ìpele kankan nínú òfin yìí tí iṣẹ́ kejì ti lè mú kí owó tí ń wọlé dín ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

KÍ NI KÍ A ṢE?

Èkínní, sọ fún ọ̀gá kejì. Kọ lẹ́tà kékeré sí akọ̀wé owó ibẹ̀ pé o ní iṣẹ́ mìíràn tí a ti ń yọ ₦800,000 àti ìdẹ̀ra owó ilé fún ọ níbẹ̀, kí ó jọ̀wọ́ ṣe ìṣirò tìrẹ láìsí wọn. Fún arábìnrin wa yìí, ₦12,000 ni yóò máa yọ lóṣù dípò ₦2,000, ọ̀rọ̀ sì parí.

Èkejì, bí wọn kò bá lè ṣe é bẹ́ẹ̀, máa yọ ọ́ fúnra rẹ. Ya ₦10,000 yẹn sọ́tọ̀ ní ọjọ́ tí owó bá wọlé, kí o tó fọwọ́ kan ìyókù. Ẹ jẹ́ kí ọkọ mọ̀, kí aya sì mọ̀. Ọ̀pọ̀ a máa fi owó iṣẹ́ kejì pamọ́ fún ẹnì kejì wọn, ṣùgbọ́n bí gbèsè owó orí bá dé, kì í bá ẹnì kan ṣoṣo nínú ilé.

Ẹ̀kẹta, gba ìwé owó oṣù láti ibi iṣẹ́ méjèèjì, kí o sì tọ́jú wọn. Bí ọdún bá parí, bèèrè ìwé tí ó fi iye tí o gbà àti iye owó orí tí a yọ hàn. Owó orí tí wọ́n yọ lóṣù kan yẹ kí ó ti dé ọ̀dọ̀ ìjọba kí ó tó di ọjọ́ 10 oṣù tí ó tẹ̀lé e. Ìwé ni ẹ̀rí rẹ bí wọn kò bá san án.

Ẹ̀kẹrin, ṣe ìròyìn ọdún rẹ fún iléeṣẹ́ owó orí Ìpínlẹ̀ Èkó, LIRS, kí ó tó di ọjọ́ 31 oṣù kẹta. Orí eTax wọn ni a ti lè ṣe é. Níbẹ̀ ni wàá ti kó owó méjèèjì jọ, tí wàá fi iye tí wọ́n ti yọ hàn, tí wàá sì san ìyókù. Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n ti yọ jù, ibẹ̀ náà ni wàá ti bèèrè tìrẹ. Ẹ má ṣe sọ pé ọ̀gá mi ti bá mi ṣe é. Ìròyìn tí ọ̀gá ń fi ránṣẹ́ ní ìparí oṣù kìíní jẹ́ ti ibi iṣẹ́ tirẹ̀ nìkan. Owó ìtanràn ẹni tí kò ṣe ìròyìn jẹ́ ₦100,000 fún oṣù àkọ́kọ́, àti ₦50,000 fún oṣù kọ̀ọ̀kan tí ó bá tẹ̀lé e. Ẹ fi èyí wé ₦120,000 tí arábìnrin wa jẹ, ẹ óò rí i pé ìtanràn oṣù méjì péré ti ju gbèsè náà lọ.

ÌDÍ TÍ Ó FI KAN ÀWA TÍ A WÀ NÍBÍ

Ẹ̀yin ará Lakowe, ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ti rí ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí. Ọ̀pọ̀ nínú wa ń ṣe iṣẹ́ kejì yìí gan-an nítorí kí a lè ní ilẹ̀ kékeré kan fún àwọn ọmọ wa. Ọjọ́ ń bọ̀ tí a óò fẹ́ gba ìwé ilẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba. Lára ohun tí wọn yóò bèèrè ni ìwé ẹ̀rí pé a ti san owó orí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Nọ́ḿbà owó orí kan ṣoṣo ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ní, orúkọ wa sì wà nínú ìròyìn àwọn ọ̀gá méjèèjì. Ní ọjọ́ náà ni ohun tí a kò kó jọ fún ọdún mẹ́ta yóò kó ara rẹ̀ jọ. Ó sàn kí a san án díẹ̀díẹ̀ nísinsìnyí ju kí ó dí wa lọ́nà nígbà tí ilẹ̀ ti dé ọwọ́ wa.

ÌBÉÈRÈ KÉÉKÈÈKÉ

Ṣé a óò pa owó ọkọ àti ti aya pọ̀? Rárá. Orí méjì nìyẹn. Ọkọ ní ₦800,000 tirẹ̀, aya náà ní tirẹ̀.

Bí iṣẹ́ kejì bá jẹ́ òwò tàbí iṣẹ́ ọwọ́ ti ara mi ńkọ́? Kò sí ọ̀gá tí yóò yọ owó orí rẹ̀, ṣùgbọ́n èrè rẹ̀ jẹ́ ara ohun tí ó wọlé fún orí rẹ. Èrè ni a wí, kì í ṣe gbogbo owó tí oníbàárà san. Aránṣọ yóò yọ owó òwú, owó iná àti owó ṣọ́ọ̀bù kúrò. Nítorí náà, kọ ohun tí o ná sílẹ̀, kí o sì tọ́jú rìsíìtì.

Bí iṣẹ́ kejì bá wà ní Ìjẹ̀bú-Òde ńkọ́? Ìpínlẹ̀ tí o ń gbé ni ó ni owó orí rẹ. Ẹni tí ilé rẹ̀ wà ní Lakowe, Èkó ni yóò san án fún, àní bí ó bá ń lọ sí Ìpínlẹ̀ Ògùn ṣiṣẹ́.

Bí ó bá jẹ́ pé ìjọ ni ó ń san owó iṣẹ́ kejì náà ńkọ́? Akọ̀wé ìjọ, ẹni tí ń tẹ dùùrù, àti òjíṣẹ́ Ọlọ́run tí ń gba owó oṣù, òṣìṣẹ́ ni gbogbo wọn níwájú òfin. Ọrẹ tí a mú wá fún ìjọ kò sọ owó oṣù òṣìṣẹ́ di aláìní owó orí. Ó yẹ kí àwọn alákòóso ìjọ máa yọ ọ́ bí àwọn ọ̀gá mìíràn ti ń ṣe.

Ṣé a lè yọ ìdámẹ́wàá kúrò kí a tó ṣe ìṣirò? Ìdámẹ́wàá kò sí lára àwọn ohun tí òfin ní kí òṣìṣẹ́ yọ kúrò nínú owó oṣù rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àárín ìwọ àti Ọlọ́run ni.

Olùfẹ́, Jòhánù Onítẹ̀bọmi sọ fún àwọn agbowó òde tí ó tọ̀ ọ́ wá, nínú Lúùkù orí 3, pé kí wọ́n má ṣe gbà ju èyí tí a yàn fún wọn lọ. Ọ̀rọ̀ náà kan àwọn tí ń gbà. Ó kan àwa tí ń san pẹ̀lú, pé kí a má ṣe san ju bí ó ti yẹ lọ nítorí àìmọ̀, kí a má sì ṣe fi èyí tí ó yẹ pamọ́. Ní ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ mú ìwé owó oṣù méjèèjì jókòó tì, kí ẹ kó wọn jọ, kí ẹ yọ ₦800,000 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ẹ sì wo ohun tí ó kù. Kí Olúwa bùkún iṣẹ́ ọwọ́ wa, ti àárọ̀ àti ti alẹ́. Àmín.